Kòkó Kì Í So Lọ́dún Àkọ́kọ́

"Rodiyat, gbà! Ojú ìwé mẹ́ta gbáko!" Mùíz na bébà sí i lẹ́yìn gbọ̀ngàn ilé ìwé wọn ní Ore. "Orí fóònù ni mo ti dà á kọ. Gírámà inú ẹ̀ nìkan á dá wọn dùbúlẹ̀."

"Ṣé ìwọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Ta ló ń béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ ẹ?"

Rodiyat rẹ́rìn-ín. Iyàn tí wọ́n fẹ́ jà ni bóyá ó yẹ kí ìjọba má gba owó orí lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ ilé iṣẹ́ iná mànàmáná núkílíà ìgbàlódé. Òun àti Mùíz ló máa sọ pé ó yẹ. Àwọn tó bá borí ni yóò ṣojú ilé ìwé nínú ìdíje ní Àkúrẹ́, ó sì ti pẹ́ tí Rodiyat ti ń lá àlá Àkúrẹ́. Ó gba bébà.

Nígbà tí wọ́n wọ gbọ̀ngàn, ó kà á geerege, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ni Ìníolúwa, olórí alátakò, bá dìde.

"Rodiyat, ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì ní gáréèjì ń san owó orí. Kí ló dé tí ìjọba á fi yọ̀ǹda ti olówó? Ṣé àna wọn ni?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Rodiyat yẹ bébà wò síwá sẹ́yìn. Ìdáhùn kan wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú ló jẹ́ fún un. Ọ̀rọ̀ ilé wọn ni, kò sì sí ọmọ Ore tó mọ̀ ọ́n.

Ó ká bébà náà.

"Bàbá mi ò ní ilẹ̀," ó wí. "Ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n gbin kòkó sí ní Araromi-Obu. Kòkó kì í so lọ́dún àkọ́kọ́, nítorí náà onílẹ̀ ò gba ìṣákọ́lẹ̀, owó ilẹ̀ rẹ̀, títí igi fi so. Ká ní ó gbà á ni, ta ni ì bá gbin kòkó? Ilé iṣẹ́ núkílíà lè gbà tó ọdún mẹ́wàá kí iná rẹ̀ tó tàn. Kí ìjọba ní sùúrù bíi ti onílẹ̀."

"Tí àwọn olówó náà bá wá jókòó tẹtẹrẹ, tí wọn ò kọ́ nǹkan kan ńkọ́?" Ìníolúwa béèrè.

"Kí ìjọba máa lọ wò wọ́n! Onílẹ̀ tiwa kì í pa oṣù kan jẹ. Á wo oko tán, á tún jẹ iyán wa kó tó lọ!"

Ìníolúwa pàápàá rẹ́rìn-ín.

Mádáàmù Olúwabùsọ́lá, adájọ́, dìde. "Èyí tí o kà, èmi náà ti rí i lórí fóònù. Òdo ni mo fún un. Èyí tí o fi ẹnu ara rẹ sọ ló gbà yín. Máàkì kan péré lẹ fi borí."

Mùíz họrí. "Ìwọ lo máa kọ ti Àkúrẹ́ o."

"Àwa méjèèjì ni, ọ̀gbẹ́ni adàwékọ!"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, aṣọ à-yá-bora kì í yẹni. Ọgbọ́n tí ẹ bá nílé yín, ẹ má tijú rẹ̀. Òun lẹ lè fi dáhùn nígbà tí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè.