Ta Ló Ń Fa Ọ́ìlì Alùpùpù Màmá?

Akọ̀wé lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù màmá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé. Orí sitáńdì ẹlẹ́sẹ̀ kan ni màmá fi í sí bó ṣe máa ń ṣe, ó fì sọ́wọ́ òsì díẹ̀. Ọmọbìnrin náà fa géèjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó fi àkísà nù ún, ó tì í bọ inú ẹ́ńjìnnì, ó tún fà á yọ. Nínú ilà méjì tó wà lára rẹ̀, ọ́ìlì kò dé ti ìsàlẹ̀ pàápàá. Ó wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ilẹ̀ gbẹ táútáú, kò sí ẹ̀kán kan tó kán sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹnìkan ń fa ọ́ìlì yìí."

Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé ló sọ ọ́ ní Akọ̀wé, nítorí kò sí ohun tí kì í kọ sínú ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ọjọ́ tí wọ́n fọ púlọ́ọ̀gì, ọjọ́ tí wọ́n fa ṣéènì le, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí. Bàbá gbà pé ẹni tó ní ọwọ́ méjì kò yẹ kó máa gbé alùpùpù lọ fún mẹkáníìkì nítorí iṣẹ́ wẹ́wẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ máa gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn fún oṣù mẹ́ta, ó pààrọ̀ ọ́ìlì láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ó fi géèjì han ọmọ rẹ̀ pé ó dé ilà òkè, ó sì sọ fún un pé:

"Ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí o. Bí alùpùpù yìí bá dúró, iṣẹ́ màmá rẹ dúró nìyẹn."

Kò fi ṣe àwàdà. Agbẹ̀bí ni màmá, alùpùpù yìí ló sì fi ń sáré lọ bá àwọn aláboyún nílé wọn. Ẹni tó ń rọbí kì í dúró de ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí bàbá lọ ni Akọ̀wé kọ́kọ́ dá wọn ọ́ìlì, ó sì bá a pé ó ti dín. Ó bu díẹ̀ kún un. Lọ́jọ́ kẹta, ohun tó bù kò hàn lára géèjì rárá. Ó tún bu díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti bù ú báyìí, bí ẹni ń da omi sínú ajẹ̀rẹ̀.

Ta ni ì bá máa fà á? Ọkàn rẹ̀ kò rìn jìnnà. Ní yàrá tó kọjú sí tiwọn ni Bàbá Sípánà ń gbé, mẹkáníìkì àgbàlagbà tó ń tún alùpùpù ṣe lábẹ́ páànù lẹ́nu ọ̀nà ilé. Òun ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún tẹ́lẹ̀, kí bàbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ṣé inú rẹ̀ á wá máa dùn ni? Kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì kékeré kan kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bí ọkùnrin náà bá kí i, ó ń wá nǹkan lábẹ́ ìkíni náà. Bí a bá ti fura sí ènìyàn tán, ẹ̀rín rẹ̀ pàápàá á dà bí ẹ̀tàn. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìwé rẹ̀ pé, "Ìfura loògùn àgbà."

Ó so òwú dúdú kan mọ́ ìdérí géèjì, pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i, òwú á já. Ilẹ̀ mọ́, òwú wà bó ṣe wà, ọ́ìlì kò sì dé ilà. Ẹlòmíràn ì bá jókòó ronú sí i. Akọ̀wé tiwa kọ ọ́ pé, "Ó gbọ́n o. Ó tún òwú so padà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ti ilé-ìwé dé, màmá ń sùn lẹ́yìn iṣẹ́ òru, ó bá Bàbá Sípánà lóòṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù, kẹ́ẹ̀gì wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Bí ọkùnrin náà ṣe rí i, ó yára dìde. Ó ní ṣéènì lòun ń wò, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Akọ̀wé sáré lọ jí màmá. Màmá bi í bóyá ó fojú rí ọkùnrin náà níbi tó ti ń fa ọ́ìlì. Ó ní rárá. Màmá ní kó yáa gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ń yún un lẹ́nu. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti tú gbogbo rẹ̀ sétí ìyá aránṣọ tó wà ní yàrá iwájú, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnì kankan. Ẹ ò rí nǹkan. Ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò lè pa mọ́, ó ń bẹ ẹlòmíràn kó bá òun pa á mọ́.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn oníbàárà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lé Bàbá Sípánà lórí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Oníbúrẹ́dì tó ti ń gbé alùpùpù fún un láti ọdún mẹ́jọ wá gbé tirẹ̀ lọ láìdágbére. Àgbàlagbà náà ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ́nà. Akọ̀wé rí i lójú fèrèsé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí kò bá jẹ̀bi, kí ló ń wò bẹ́ẹ̀ fún?

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n pe màmá pé obìnrin kan ti ń rọbí. Ó gun alùpùpù, ó tẹná mọ́ ọn. Kò tíì dé kọ́nà tí èéfín fi bo ojú ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Màmá ju kọ́kọ́rọ́ sí ọmọ rẹ̀, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó ki eré mọ́lẹ̀.

"Tì í lọ bá Bàbá Sípánà," ló sọ kẹ́yìn.

Akọ̀wé tì í lọ tìkọ̀tìkọ̀. Ó dúró tì í, ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Bàbá Sípánà fi ẹsẹ̀ tẹ sitáńdì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ó fa alùpùpù sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, alùpùpù nàró ṣánṣán. Ó fa géèjì yọ. Ọ́ìlì ti bo ilà méjèèjì mọ́lẹ̀.

"Ta ló ń wọn ọ́ìlì yìí?"

"Èmi ni, sà."

Ó ní kó fi bó ṣe ń ṣe é han òun. Akọ̀wé gbé alùpùpù padà sórí sitáńdì ẹlẹ́sẹ̀ kan, ó nu géèjì, ó wọ̀n ọ́n. Ọ́ìlì tó kún bámúbámú lẹ́ẹ̀kan ti sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ilà ìsàlẹ̀. Ó wò ó, kò gbàgbọ́, ó tún wọ̀n ọ́n.

"Apá ọ̀tún ni géèjì wà," Bàbá Sípánà sọ fún un jẹ́jẹ́. "Bí alùpùpù bá fì sósì, ọ́ìlì á ṣàn lọ sósì. Bàbá rẹ kò sọ fún ẹ ni?"

Bàbá kò sọ ọ́ rí, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń ṣe é fúnra rẹ̀. Kó tó mú àkísà, á ti gbé alùpùpù nàró, ọmọ rẹ̀ á sì máa wo ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Ojú ti Akọ̀wé gidigidi.

Bàbá Sípánà gbé bàsíà sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń tú ọ́ìlì tó pọ̀ jù, èyí tó rú èéfín tó sì pa ẹ́ńjìnnì, jáde. Ó ní ṣéènì náà ti gbẹ, òun máa ń kán ọ́ìlì òun sí i bí Akọ̀wé bá wà nílé-ìwé; òun kò fẹ́ kó rò pé òun ń bu iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ibẹ̀ ni ìyá aránṣọ yọ sí wọn, téèpù lọ́rùn.

"Akọ̀wé, ọwọ́ ti wá tẹ olè ọ́ìlì yín nìyẹn? Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan á jọ́kan."

Ọwọ́ Bàbá Sípánà dúró. Ó wo aránṣọ, ó wo bàsíà, ó wá gbójú sókè díẹ̀díẹ̀ wo ọmọ náà. Ó ti yé e wàyí ìdí tí oníbúrẹ́dì fi lọ. Bí Akọ̀wé bá rẹ́rìn-ín lásán, ọ̀rọ̀ á kọjá. Bó bá dákẹ́, àgbàlagbà náà ni aráyé á máa pè lólè.

"Kò sí olè, mà," ló sọ. "Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n wọ̀n. Èmi náà ni mo parọ́ mọ́ wọn."

Aránṣọ yọ́ lọ. Akọ̀wé kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ní gíríìsì, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá Sípánà kò pariwo.

"Bí o ṣe wọn ọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe wọ̀n mí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù, mo lè tú u jáde. Èyí tí o dà sí àdúgbò létí ńkọ́, ta ni yóò tú u?"

Ọ̀sán ni màmá tó dé. Aláboyún náà ti bí kó tó débẹ̀, ìyá àgbà kan ló gba ọmọ náà. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Akọ̀wé jẹ́wọ́ fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́. Màmá kò nà án. Ó ní kó wọ bàtà, kó lọ tún ohun tó bàjẹ́ ṣe.

Ó lọ láti yàrá dé yàrá. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan ní ta ló mọ̀ bóyá wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ ni. Oníbúrẹ́dì gbọ́ ọ tán, ó ní kò burú, àmọ́ òun ti rí mẹkáníìkì mìíràn. Kò padà wá.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Akọ̀wé kò tíì yéé wọn ọ́ìlì, àmọ́ ó máa ń gbé alùpùpù nàró ná. Lábẹ́ ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́jọ́sí, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìyókù: òótọ́ ni pé ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n oògùn tí a bá lò láìmọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹni tí kò ṣàìsàn ló ń pa.