Ìgò Tí Mo Kán Omi Sí

Mo fa irin kìíní yọ nínú ìgò, ó mọ́. Mo fa èkejì yọ, ó dúdú kirikiri. Mo ní, "Mo gbé!"

Èyí tó mọ́ ló wà nínú ìgò tí mo kán omi sí. Èyí tó dúdú kò rí omi rárá. Òdìkejì ohun tí bàbá mi ń wí nìyẹn.

Bàbá mi ni ọ̀gá àwọn tó ń fọ páìpù níbi kànga epo rọ̀bì. Èérí dúdú kan wà nínú epo náà tí wọ́n ń pè ní ásífátíìnì. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù bí èéfín ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, títí epo kò fi ní rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ẹnjiníà wọn, obìnrin kan tí kì í pariwo, ní kí wọ́n máa fi omi díẹ̀ sínú epo náà. Bàbá mi kò fara mọ́ ọn. Bí a bá ti ń jẹun, omi ló ń bú.

"Omi yẹn ló ń fa gbogbo wàhálà! Ìwé ló kà, èmi ni mo ń fọ páìpù."

Èmi tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà nílé nítorí ẹnu mi, mo ní màá gbè é lẹ́sẹ̀. Tíṣà kẹ́mísírì ti ní ká ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò kan tí máàkì rẹ̀ yóò wọ inú ìdánwò àṣejáde. Bàbá mi bá mi bu epo wá. Mo dà á sí ìgò méjì, mo fi kẹ́míkà tó ń ya èérí kúrò lára epo kó lè lẹ̀ mọ́ irin sí méjèèjì, mo kán omi sí ọ̀kan, mo sì ti irin pẹlẹbẹ bọ̀ wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbọ̀n wọ́n láràárọ̀.

Àbájáde rẹ̀ ló wá já mi kulẹ̀ yìí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo bó bébà tí mo kọ "omi" sí kúrò lára ìgò kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì.

Nígbà tí bàbá mi rí i, ó fò sókè. "Ìyá Lọ́yà, ẹ wá wò ó o! Mi ò wí bẹ́ẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ò dùn. Ní ọjọ́ kejì, ó dé ibi iṣẹ́, kò bi ẹnikẹ́ni, ó ti fáàfù omi pa.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni. Páìpù dí pa. Bàbá mi gbé ìwé "wá ṣàlàyé ara rẹ" wálé, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń kọ èsì.

Ó ní, "Lọ́yà, lọ gbé àwọn ìgò rẹ wá. Mo fẹ́ fi han ọ̀gá àgbà lọ́la."

Mi ò kúrò lójú kan.

Ìyá mi ní, "Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Mo bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo pààrọ̀ bébà ara wọn. Èyí tó lómi ló mọ́."

Bàbá mi kò nà mí, kò sì pariwo. Ó rọra fa ìwé tó ń kọ ya. Ìyẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Láàárọ̀, ó mú mi lọ bá ẹnjiníà, mo fẹnu ara mi sọ ọ́. Obìnrin náà tún àyẹ̀wò náà ṣe lójú wa. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, irin tó wà nínú ìgò olómi mọ́, èkejì dúdú.

Ó ní, "Nínú epo tiwa yìí, omi díẹ̀ kì í jẹ́ kí èérí rí irin lẹ̀ mọ́. Epo ibòmíràn lè má rí bẹ́ẹ̀. Ìdí tí a fi ń dán an wò nìyẹn."

Wọn ò lé bàbá mi, àmọ́ wọ́n gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà jẹ́wọ́ fún tíṣà, ó sì fún mi ní òdo.

Bí èmi àti bàbá mi ṣe ń padà bọ̀ wálé láti ọ̀dọ̀ ẹnjiníà, mo ní, "Ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni mo fẹ́ fún yín, sà."

Ó mí kanlẹ̀. "Èmi náà jẹ̀bi, mo ti dájọ́ kí n tó gbọ́ ẹjọ́. Ṣùgbọ́n epo ni mo bi léèrè, Lọ́yà. Ìwọ lo dá mi lóhùn."

Láti ọjọ́ náà, ohun tí ojú mi bá rí ni mo ń kọ, ì báà má dùn mọ́ bàbá mi nínú. Irọ́ tí a fi tu èèyàn ẹni lójú lónìí lè gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la.