Koríko Tó Hù Lójú Kan

"Jẹ́ kí n bá ẹ po yanrìn mọ́ ọn," ni Oyinadé wí.

"Fi bag mi sílẹ̀, freshie. Ta ló pè ẹ́?" Àràmídé já àpò irúgbìn náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọn ò fẹ́ràn ara wọn rárá. London ni wọ́n bí Àràmídé sí. Oyinadé àti ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé ni, ìyẹn ló ṣe ń pè é ní freshie.

Nígbà ooru, ẹran tí àwọn èwe ṣọ́ọ̀ṣì ń sun ló dá iná sílẹ̀ ní pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Thamesmead. Inú ń bí àwọn aládùúgbò gidigidi. Wọ́n ní bí koríko ò bá hù padà, ṣọ́ọ̀ṣì ò gbọdọ̀ tún fẹsẹ̀ tẹ pápá náà mọ́. Uncle Adédọ̀tun, olùkọ́ àwọn èwe, wá pín ilẹ̀ náà àti irúgbìn koríko fún wọn. Ó ní kí kálukú po irúgbìn mọ́ yanrìn gbígbẹ, kó fọ́n ọn díẹ̀díẹ̀, kó sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Oyinadé ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Àràmídé ń dúró dè é ní Woolwich, kò ráyè ìyẹn. Ó gbẹ́ kòtò lẹ́bàá ọgbà, ó da gbogbo irúgbìn sínú rẹ̀, ó wa erùpẹ̀ bò ó, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí koríko àwọn yòókù yọ, ilẹ̀ Àràmídé pá bí orí Uncle Adédọ̀tun.

"Uncle, ọwọ́ ọ̀tá ni," ni Àràmídé wí. "Oyinadé fọwọ́ kan bag mi."

Ó yẹ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ náà wò. Kàkà bẹ́ẹ̀, ààwẹ̀ ni àwọn àgbà ìjọ kéde, àwọn tiwa náà kúkú nìyẹn, wọ́n sì ní kí Àràmídé fúnra rẹ̀ darí àdúrà. "Ẹni tó ba irúgbìn mi jẹ́, kí àṣírí ẹ̀ tú," ló gbà. Gbogbo ìjọ ṣàmín, wọ́n ń wo Oyinadé. Ìyá rẹ̀ sunkún délé. Oyinadé ò sunkún. Inú ló ń bí i.

Lẹ́yìn òjò ńlá kan, koríko yọ ní ilẹ̀ Àràmídé, lójú kan ṣoṣo lẹ́bàá ọgbà, ó ki bí irun tí wọn ò yà rí. Uncle Adédọ̀tun fà á tu. Òkìtì irúgbìn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Àràmídé, ṣé ọ̀tá ló kó gbogbo èyí síbí?"

Ojú tì í. "Èmi ni, Uncle. Ẹ má bínú. Oyinadé, sorry."

"Mummy mi ni kó o lọ bẹ̀," Oyinadé dáhùn, "níwájú gbogbo àwọn tó ṣàmín."

Àràmídé bẹ ìyá Oyinadé níwájú ìjọ, ìyá náà sì dárí jì í. Àràmídé nìkan ló tún ilẹ̀ rẹ̀ gbìn, pẹ̀lú yanrìn. Oyinadé dúró, ó ń wò ó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe ní màgòmágó, ẹ má dì í ru aláìṣẹ̀. Èké lè gbààwẹ̀, ó lè gbàdúrà, ilẹ̀ ò ní bá a purọ́.