Eyín Orí Òrùlé

Apẹja kan ló rí òkú obìnrin náà létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó pa á ti fi òkúta fọ́ ojú rẹ̀, ó sì fa eyín iwájú rẹ̀ kan yọ. Ìwà ẹranko gbáà ni.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọláòtán ránṣẹ́ pe Làtífù ní Ìkòròdú, nítorí ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti rí Balqees ìyàwó rẹ̀ kẹ́yìn. Ṣẹ̀rífátù, ìyá Balqees, ti wà ní mọ́ṣúárì ṣáájú rẹ̀. Kò retí ààyè ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó kàn fẹ́ mọ ẹni tí òun máa sin.

Aṣọ bo òkú náà látòkè délẹ̀. Làtífù kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Kì í ṣe òun, sà. Balqees ní eyín kan níwájú tó rí bíi hóró àgbàdo, èyí ò ní in. Ó sá lọ ni. Obìnrin ò ṣeé finú hàn."

Ìnsípẹ́kítọ̀ wò ó, ó ní kó jókòó. Ó bọ́ síta, ó fóònù àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkòròdú, ó sì pe Dókítà Bùnmi, tí Ṣẹ̀rífátù ní ó ń tọ́jú eyín Balqees. Nígbà tó di ọ̀sán, dókítà náà dé pẹ̀lú ike pẹlẹbẹ kan.

"Eyín náà hù wọnú ara rẹ̀ ni, gbòǹgbò rẹ̀ sì lọ́. Kọ̀ǹpútà ló ya àwòrán ẹnu rẹ̀, òun la fi ṣe ike yìí. Ihò ara ike náà ló darí ẹ̀rọ tí mo fi dá eyín náà lu ní Ọjọ́bọ̀, kí n má baà ṣìnà. Kò lè bá ẹnu ẹlòmíràn mu."

Ó gbé e lé eyín òkú náà. Ike náà bá a mu rẹ́gí, ihò rẹ̀ sì wá sórí àlàfo gẹ́lẹ́. Ṣẹ̀rífátù figbe ta.

"Làtífù," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí, "a ò tíì ṣí aṣọ lójú òkú láàárọ̀. Báwo lo ṣe mọ̀ pé eyín yẹn ò sí níbẹ̀?"

"Irọ́ ni, sà! Eyín ọ̀hún dà? Ẹ mú un wá!"

Ìnsípẹ́kítọ̀ yọ eyín kan nínú ọ̀rá. Ihò dókítà wà lára rẹ̀.

"Orí òrùlé rẹ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti rí i. Ta ni wọn ò kọ́ ní kékeré pé ibẹ̀ là ń sọ eyín tó bá yọ sí? Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ náà lo ṣe."

Làtífù wolẹ̀. "Bó ṣe rí yẹn ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Ta ló wá ń tún un ṣe dè?"

"Eyín náà ti ń ṣọyún!" ni dókítà pariwo. "Ìrora ló gbé e wá!"

Ṣẹ̀rífátù gba eyín náà, ó dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́. "Èyí tó kọ́kọ́ yọ níbẹ̀, èmi ni mo bá a sọ ọ́ sórí òrùlé. Mo ní kí Ọlọ́run fún un ní tuntun tó dára. Ẹ jẹ́ kí n sin ín mọ́ ọn."

Ìnsípẹ́kítọ̀ na ọwọ́. "Ẹ má bínú, Màmá. Kóòtù ló ni ín báyìí."

Ó pẹ́ kí Ṣẹ̀rífátù tó ṣí ọwọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sin Balqees, pẹ̀lú àlàfo lẹ́nu.