Ṣàkì Tútù Ìyá Haworth

"Tó o bá fi lè jẹ nǹkan yìí, Bethany, màá gé irun mi kodoro!" Jodie sọ ọ́, ó sì fi ìka di imú.

Abọ́ ṣàkì tútù ló wà níwájú Bethany lórí ìsọ̀ Ìyá Haworth, lọ́jà ìlú Bury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó funfun báláú, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Fínígà kíkan tí wọ́n wọ́n sí i le débi pé ó lè jí òkú inú sàréè ṣọ́ọ̀ṣì.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi," ìyá arúgbó náà wí. "Kò ní dùn lónìí. Ó dìgbà tó bá mọ́ ẹ lára."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni tíṣà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Fielden, ní kí wọ́n lò nínú àròkọ: oúnjẹ tí kì í dùn àfi tó bá mọ́ni lára. Ẹni tó bá lò ó dáadáa jù ló máa ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ìlú lásìkò ọlidé. Bethany sì ti ń lálàá iṣẹ́ yẹn látìgbà tí ò tíì léyín lẹ́nu.

Bí ìyá ṣe yíjú sí oníbàárà, kíá! Bethany da ṣàkì sí garawa ìdọ̀tí.

"Ẹ ṣé, mà. Ó dùn gan-an."

"Ha! Irọ́ ẹ yìí ga ju òkè lọ!" Jodie sọ ọ́ sí i létí.

Ká sòótọ́, Bethany mọ nǹkan kọ. Tó bá júwe òjò, wàá sáré wá agbòjò. Ó kọ ọ́ pé ṣàkì Ìyá Haworth ti mọ́ òun lára láti kékeré. Ó rí i pé "tútù" ò wuyì lójú ìwé, ló bá ní ooru ń rú túú lórí ẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Fielden ń kà á fún kíláàsì, ló bá dúró.

"Ooru kẹ̀? Lórí ìsọ̀ yẹn?"

Kò sọ́mọ Bury tí ò mọ̀ pé tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́ níbẹ̀, títí kan àwọn tó ń sá fún un.

"Bóyá ó gbé sítóòfù dání lọ sọ́jà, sà!" ọmọkùnrin kan pariwo látẹ̀yìn. Ẹ̀rín tó bú yẹn, díẹ̀ ló kù kó ṣí òrùlé.

Jodie ni wọ́n fún níṣẹ́. Ohun tó kọ ò ju pé: "Wọ́n ní ó máa ń dùn tó bá mọ́ni lára. Èmi ò tíì fẹnu kàn án, mi ò lè jẹ́rìí."

Ní Sátidé, Bethany padà sọ́jà, ó dorí kodò.

"Mà, mo da ṣàkì yín nù lọ́jọ́sí."

"Mo mọ̀. Ṣebí garawa tèmi lo dà á sí. Jókòó."

Bethany fi ègé ṣàkì kan sẹ́nu. Ojú ẹ̀ yọ síta, omi dà lójú ẹ̀, àmọ́ ó gbé e mì.

"Ó ńkọ́?"

"Kò dùn rárá, mà."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ àkọ́kọ́ tó o máa sọ nípa ẹ̀ nìyẹn. Ẹnu tí ò bá tọ́ ọbẹ̀ wò, kó má ròyìn adùn. Wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Bethany tún mú ègé míì.