Àkùkọ Tó Dáhùn ní Òkè Scarrow

Àwọn àgùntàn ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ní ìsàlẹ̀ òkè Scarrow, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ńlá, ààyè kan wà tí koríko ti bò, tó gùn tó ẹ́ńjìnì kékeré kan. Koríko ibẹ̀ ló tutù yọ̀yọ̀ jù ní gbogbo pápá náà, ibẹ̀ ni àwọn àgùntàn sì máa ń dì jọ sí. Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, nínú oṣù kẹwàá, wọ́n tò yí etí rẹ̀ ká, wọ́n dojú kọ ọ́, ìkankan wọn kò sì gbé ẹsẹ̀ lé e. Wọn ò jẹun. Wọ́n kàn ń wò ó.

"Alwyn, kí ló ń ṣe àwọn ẹran yìí?" Thelma, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló bèèrè, bó ṣe ń tú tíì jáde látinú fúláàsì.

"Rosamund ni wọ́n ń dúró dè," mo ní. "Àgùntàn pàápàá mọ ẹni ńlá."

"Ìwọ àti irin yìí! Ká ní o fẹ́ràn ìyàwó ẹ tó báyìí ni, kì bá tí sá lọ."

Mo gba tíì lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ti ń wa ọkọ̀ fún mi, mo máa ń fara mọ́ ẹnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀, ó tọ́ sí mi. Rosamund jẹ́ ẹ́ńjìnì rélùwéè ayé àtijọ́, eléèédú, olóoru. Nígbà tí a rí i nínú ọgbà àlòkù irin létí òkun, igi ti hù jáde lójú ihò èéfín rẹ̀. Èmi àti Norris Haygarth àti àwọn mọ́kànlá mìíràn la fi gbogbo Sátidé ọdún méjìlélógún tún un ṣe. Mẹ́ta ti kú nínú wa. Iṣẹ́ páìpù gáàsì ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, èmi ni mo sì ń fi iná jó irin, tí mo ń gé e, tí mo ń lẹ̀ ẹ́. Norris ni awakọ̀ wa. Ọjọ́ yẹn ni Rosamund kọ́kọ́ jáde sí ojú irin ńlá, ó fa kóòṣì mẹ́wàá, èrò inú wọn lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Iṣẹ́ tèmi ni fọ́tò. A ó yà á níbìkan, a ó kó sínú ọkọ̀, Thelma á gba ẹ̀bùrú, a ó tún ṣíwájú rẹ̀. A ti yà á lórí afárá, a ti yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìhunṣọ. Ó dùn ún wò! Gbogbo ọmọdé tó wà lójú ọ̀nà ló ń juwọ́ sí i, omijé sì ń bọ́ lójú èmi àgbà.

Ṣùgbọ́n Scarrow ló kù, Scarrow sì le. Àwọn tó ni ojú irin máa ń fẹ́ kí wọ́n so ẹ́ńjìnì ìgbàlódé tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì mọ́ ìdí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bóyá agbára á tán lójú ọ̀nà. Norris ní rárá o. Gbogbo wa la sì gbárùkù tì í. Ẹni tó bá ti Rosamund lẹ́yìn, ó bú wa ni. Wọ́n wá fi ìwé ránṣẹ́ pé ó dáa, ṣùgbọ́n bó bá há sórí Scarrow tó sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọkọ̀ yòókù, àwọn yóò gba ìwé àṣẹ rẹ̀, kò sì ní tẹ ojú irin ńlá mọ́. Ẹni tó kéré jù nínú wa ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Bí wọ́n bá gbà á, ó di ká sìnkú rẹ̀ nìyẹn.

Òjò wínníwínní ń rọ̀. Ewé ti já bo ojú irin, ó sì ń yọ̀. A gbọ́ Rosamund kí a tó rí i, èémí rẹ̀ gún régé, ó lágbára. Ó kọjá lára wa, mò ń ya fọ́tò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Èémí náà wá ń falẹ̀. Lójijì ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, gbogbo rẹ̀ ń yí lórí ibì kan náà pẹ̀lú ariwo, ó tún gbìyànjú, ó tún yọ̀. Ó dúró.

Kóòṣì tó kẹ́yìn wà ní ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀ sí wa. Àtùpà pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú lórí ìkọ́ rẹ̀. Lójú irin wa, ẹni tó bá kẹ́yìn ló ń gbé àtùpà. Bí aṣọ́nà, ẹni tó ń ṣọ́ bóyá ojú irin ṣófo, bá ti rí i, ó mọ̀ pé ọkọ̀ náà pé, pé kò já ohunkóhun sílẹ̀ lẹ́yìn.

"Ó há," Thelma sọ wẹ́lẹ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìgbà yẹn ni Norris fun fèrè. Ó kọ bí àkùkọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, láyé àtijọ́ ẹ́ńjìnì kékeré kan máa ń dúró ní ìsàlẹ̀ òkè. Alátìlẹ́yìn là ń pè é. Bí ọkọ̀ wúwo bá dé, wọ́n á so alátìlẹ́yìn mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á yọ àtùpà pupa lára kóòṣì, wọ́n á gbé e kọ́ sẹ́yìn alátìlẹ́yìn, nítorí òun ló wá kẹ́yìn báyìí. Ẹ́ńjìnì ńlá á kọ bí àkùkọ. Alátìlẹ́yìn á kọ padà. Àwọn méjèèjì á jọ tì. Ó ti tó ogójì ọdún tí kò ti sí alátìlẹ́yìn kankan ní Scarrow mọ́, kò sì sí awakọ̀ tó jẹ́ kọ àkùkọ nígbà tí kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Èèwọ̀ ni. Norris sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìbànújẹ́ ló mú òun, pé kí òun tó mọ̀, ọwọ́ òun ti fà á.

Gbogbo pápá dákẹ́. Mo ti ka èémí mi tó mẹ́fà.

Nígbà náà ni àkùkọ mìíràn kọ lẹ́yìn wa. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì ha ní ìparí.

Thelma di apá mi mú. "Àbúrò, ta nìyẹn?"

"Gbohùngbohùn ni."

"Gbohùngbohùn wo ló ń ronú kó tó dáhùn?"

Àwọn àgùntàn fọ́n ká, wọ́n sáré láìké. Mo gbóòórùn òróró gbígbóná. Atẹ́gùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fẹ́ kọjá lára ẹsẹ̀ mi. Ohun kan wá gbá kóòṣì tó kẹ́yìn, gbì! Èyí tó ṣáájú rẹ̀ náà dún, gbì, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé títí dé iwájú. Bí ẹ́ńjìnì bá ń fa ọkọ̀, iwájú ni ìró náà ti ń bẹ̀rẹ̀ wá sẹ́yìn. Èyí wá láti ẹ̀yìn. Rosamund mí lẹ́ẹ̀kan, ó mí lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ń gòkè lọ. Ìka mi kò kúrò lórí kámẹ́rà.

Inú ọkọ̀ ni mo ti wo àwọn fọ́tò náà. Kò sí àtùpà lára kóòṣì. Ó wà lẹ́yìn rẹ̀, nínú afẹ́fẹ́ lásán, ní ìwọ̀n gígùn ẹ́ńjìnì kékeré kan, ó ga dé àyà mi. Fọ́tò mọ́kànlá ni mo yà, àtùpà náà kò sì yà kúrò ní ìwọ̀n rẹ̀ sí kóòṣì nínú ìkankan. Thelma dá ọkọ̀ dúró létí ọ̀nà, ó wò wọ́n tán, ó tún ṣí ọkọ̀.

"Jẹ́ ká tètè dé ọ̀dọ̀ Norris," ló ní.

Lórí òkè, Rosamund ti dúró láti mu omi. Èrò ti sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pariwo pé, "Ó dá gùn ún! Ó dá gùn ún!" Norris wà nínú ẹ́ńjìnì, ojú rẹ̀ funfun lábẹ́ dúdú èédú. Mo na kámẹ́rà sí i. Ó wo àwọn fọ́tò náà. Ó sọ̀kalẹ̀, a jọ rìn lọ sí ìdí ọkọ̀.

Kò sí àtùpà lórí ìkọ́. Irin ribiti méjì wà nídìí kóòṣì, tó ní sípíríńgì nínú, èyí tí kóòṣì fi ń gba ara wọn. Àwọn méjèèjì ti wọlé pátápátá, bí ẹni pé nǹkan tó wúwo rọ̀ mọ́ wọn. Ẹ̀yìn wọn òfìfo ni. Mo gbé ọwọ́ lé ọ̀kan. Ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ó sì gbóná.

"Ó ṣì ń tì," Norris sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Mi ò tíì tú u sílẹ̀."

Òfin ni. Bí wọ́n bá dókè, ẹ́ńjìnì ńlá á tún kọ lẹ́ẹ̀kan láti dúpẹ́, kí alátìlẹ́yìn lè máa lọ. Bí kò bá gbọ́ ọ, kò gbọdọ̀ dẹwọ́. Níwájú wa sì rèé, máìlì mẹ́sàn-án gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, pẹ̀lú kọ́nà tó mú lórí odò; bó bá ṣì ń tì wá níbẹ̀, a ó já sódò.

"Kọ ọ́ nígbà náà," mo ní.

"Alwyn, ìdajì àwọn èèyàn yìí ló ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí. Bí mo bá kọ ọ́, wọ́n á mọ̀. O ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń pariwo ni?"

"Mo gbọ́."

Ó wò mí. "O mọ ohùn yẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Tilly ni, alátìlẹ́yìn ayé àtijọ́ yẹn. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà tí mò ń kó èédú sí i nínú ní ìsàlẹ̀ òkè yìí. Mi ò lè ṣì í gbọ́."

Mo mọ Tilly, kì í ṣe láàyè. Ọdún kẹta tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ la rà á nínú ọgbà àlòkù, nítorí ohun tí Rosamund kò ní. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi iná gé e. Pọ́ńpù rẹ̀, ìjánu rẹ̀, páìpù rẹ̀, ọwọ́ irin tí Norris fi ń ṣí ooru, ara Tilly ni gbogbo rẹ̀ ti wá. A ta ìyókù fún àwọn tó ń yọ́ irin.

"Inú á máa bí i sí mi," mo ní.

"Bínú bá ń bí i, ṣé á dáhùn?" Norris ṣí fìlà rẹ̀, ó gbọn èédú ara rẹ̀ nù. "Mo pè é, ó wá. Bí mo bá wá ń tijú rẹ̀ níwájú èrò, irú èèyàn wo ni mí?"

Ó padà gun Rosamund. Ó kọ bí àkùkọ, kedere, títí dé òpin.

Ariwo èrò dá wáí. Àwọn àgbà inú wọn ń wo ara wọn. Ohùn tín-ín-rín náà dáhùn láti ìdí ọkọ̀, ó ha ní ìparí. Bàbá arúgbó kan ṣí fìlà. Èkejì ṣí tirẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi dúró láìdé fìlà nínú òjò yẹn. Irin méjèèjì yọ padà síta díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, àtùpà ti wà lórí ìkọ́ rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú.

Ojú kò tì mí rárá. Inú mi dùn débi tí orí mi fi wú.

Norris kọ òtítọ́ sínú ìwé ìròyìn ìrìn àjò náà: a há ní Scarrow fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, Tilly ló tì wá gòkè. Ó mọ̀ pé ó lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wa. Ó fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀.

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. A jókòó tì Rosamund nínú ilé rẹ̀, Norris ń kà á sókè. Wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́rin kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ìwé àṣẹ wa ṣì wà lọ́wọ́ wa. Mo hó yèè. Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́, ó ń kà á lọ. Wọ́n ní aṣọ́nà ìsàlẹ̀ Scarrow rí ẹ́ńjìnì kékeré kan tó ń tì wá gòkè, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì rí i kó padà sọ̀kalẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, lábẹ́ òfin, kò lè kọ ọ́ pé ojú irin ṣófo. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni alátìlẹ́yìn yín wà?

Norris dìde, ó gun inú Rosamund, ó gbé ọwọ́ lé irin tó fi ń ṣí ooru. Ó pè mí, èmi náà gbé ọwọ́ lé e. A kò tíì dáná sí Rosamund láti ọ̀sẹ̀ méjì náà. Síbẹ̀ irin yẹn, tó jẹ́ ti Tilly, lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Orí orúnkún rẹ̀ ló ti kọ èsì. "Ó wà nílé lọ́dọ̀ wa," ló kọ. "Ẹ lè ṣí ojú irin." Ó fọwọ́ sí i, ó gbé bírò fún mi, èmi náà fọwọ́ sí i.