Àga Ọkọ Inú Fọ́tò

Ọ̀rọ̀ Húngárì ló pa Mọ́ṣádé àti Theophilus pọ̀. Lọ́dún 1984, ní láìbìrì kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Ìjagun, níbi tí Mọ́ṣádé ti ń ṣiṣẹ́, Theophilus tó jẹ́ olùkọ́ ìtàn béèrè ìwé lórí ìlú yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, àyà Mọ́ṣádé sì já.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, sà?"

"Olóṣèlú ibẹ̀ kan ni mò ń ka ìtàn rẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ọba wọn lọ sí ìgbèkùn. Bàbá yìí ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gorí ìtẹ́ títí ọba á fi dé."

"Ṣé ọba padà dé?"

"Ó kú sọ́hùn-ún. Bàbá ní òun á dúró de ọmọ rẹ̀. Ibi tó ti ń dúró ló darúgbó sí, kò tilẹ̀ ráyè gbéyàwó."

Mọ́ṣádé rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í ṣẹ̀sín: fọ́tò ni Mọ́ṣádé fẹ́. Harold, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ti lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Húngárì kan náà nígbà tí ẹbí ṣe ìdána. Wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sórí àga, wọ́n gbàdúrà, wọ́n fa ìyàwó lé ìyá ọkọ lọ́wọ́. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọn ò gbúròó Harold mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá. Àga náà ṣì wà ní pálọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí i. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ìyá á gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú rẹ̀. Nígbà mìíràn àga á dún bí ẹni pé ènìyàn fẹ̀yìn tì í. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba Mọ́ṣádé, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń nù ún.

Ìfẹ́ ò mọ̀yẹn. Theophilus ní, "Olólùfẹ́ mi, jẹ́ kí n wá rí ìyá Harold."

"Kí n sọ pé kí ni? Pé mo ti sin ọmọ wọn?"

"Mi ò lè máa bá fọ́tò du ìyàwó títí ayé, Mọ́ṣádé."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ló wá, NEPA sì ti múná lọ. Kí Mọ́ṣádé tó ti ilé ìdáná dé, àlejò ti jókòó sórí àga tó kọ́kọ́ rí, àga Harold. Ìyá yọ sí pálọ̀ pẹ̀lú àwo oúnjẹ, ó dúró sójú kan.

"Harold," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "o pẹ́ o."

Theophilus wo Mọ́ṣádé. Bí òun bá dákẹ́, Mọ́ṣádé rò ó, òun á lọ́kọ, ìyá á rọ́mọ rẹ̀. Orúkọ ẹlòmíràn nìkan ni Theophilus á máa jẹ́.

Mọ́ṣádé kúnlẹ̀. "Màámi, Theophilus ni. Harold ò ní í wá mọ́."

Ìyá ní, "Mo mọ̀. Òkùnkùn ló tàn mí jẹ díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀; nítorí tìẹ ni mo ṣe ń gbé oúnjẹ náà. Mo rò pé o ṣì ń retí ọkọ rẹ ni."

"Èmi náà, Màámi, nítorí tiyín ni mo ṣe ń nu àga náà." Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Ìyá gbé àwo lé Theophilus lọ́wọ́. "Jẹun, ọmọ mi. Ó ti ń tutù."

Nígbà ìgbéyàwó wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá Harold ló fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, ó sì fún wọn ní àga náà. Títí dòní, bó bá dún, Mọ́ṣádé á ní, "Ó dàárọ̀ o, Harold," á sì sún mọ́ ọkọ rẹ̀.